FRIEDRICH FROEBEL: ỌKÙNRIN TÓ DÁ ỌGBÀ ÀWỌN ỌMỌDÉ SÍLẸ̀

Nínú abala ìtàn ìgbésí-ayé wa lẹ́ẹ̀kan yìí, ìtàn ọkùnrin kan la fẹ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìròyìn àwọn obìnrin ni tiwa. Ìdí rẹ̀ ni pé ọwọ́ àwọn ìyá ni ọkùnrin náà fi iṣẹ́ rẹ̀ lé, àwọn obìnrin ló sì gbé e káàkiri ayé lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ohun kan ló mú ìtàn náà wá sí wa lọ́kàn. Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, tí a sì ti kó ìwé àti pẹ́ńsù lé lọ́wọ́. Bí ọmọ náà bá ti jẹ́lé-ó-sinmi dé, ìwé rẹ̀ la kọ́kọ́ ń ṣí wò, bóyá wọ́n kọ nǹkan sí i lónìí. Bí a kò bá rí nǹkan, inú wa kì í dùn. A ó ní eré lásán ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, pé owó wa ti wọgbó. Kí a tó bá olùkọ́ jà mọ́, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn Friedrich Froebel.

ỌMỌ TÍ KÒ MỌ ÌYÁ RẸ̀

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1782 ni wọ́n bí Friedrich Froebel ní Oberweissbach, abúlé kan láàárín òkè àti igbó ní agbègbè Thuringia ní ilẹ̀ Jámánì. Àlùfáà ìjọ Luther ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan tí ìyá rẹ̀ fi kú. Iṣẹ́ ìjọ pọ̀ lọ́rùn bàbá, kò ráyè gbọ́ ti ọmọ. Nígbà tó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ìyàwó náà kọ́kọ́ fẹ́ràn ọmọ yìí, ṣùgbọ́n bí òun náà ti bí ọmọ tirẹ̀, ó pa Friedrich tì. Ọmọdékùnrin náà wá di ẹni tí ń dá ṣeré nínú ọgbà ilé àlùfáà, tí ń wo òdòdó, tí ń wo kòkòrò, tí ń ṣa òkúta jọ. Bàbá rẹ̀ gbìyànjú láti kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ṣùgbọ́n kò tètè yé e, bàbá sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé olódo ni ọmọ òun. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó wà lábúlé ni ó fi í sí.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ó rí i pé ọmọ tí ilé rẹ̀ pè ní olódo náà ni gbogbo ayé ń dárúkọ lónìí tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé. Kí a ṣọ́ ẹnu wa lórí àwọn ọmọ.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 10, arákùnrin ìyá rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Hoffmann, tí òun náà jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìlú Stadtilm, mú un lọ sọ́dọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ mọ bí ilé ìfẹ́ ti rí. Ó ní ọ̀rẹ́, ó ní àyè láti sáré àti láti fò, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dára.

ẸNI TÓ Ń WÁ IṢẸ́ TÍ ỌLỌ́RUN RÁN AN

Ọ̀nà rẹ̀ kò tètè là. Ní ọmọ ọdún 15, wọ́n fi í sọ́dọ̀ olùtọ́jú igbó kan láti kọ́ṣẹ́. Ní 1799 ó lọ sí Yunifásítì Jena, ṣùgbọ́n ó jẹ gbèsè níbẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án nínú ẹ̀wọ̀n yunifásítì náà. Lẹ́yìn náà ó wọn ilẹ̀ fún àwọn èèyàn, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe ìṣírò owó. Ní 1805 ó lọ sí Frankfurt láti kọ́ṣẹ́ ilé yíyà. Ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Gruner ti rọ̀ ọ́ pé kó wá ṣe olùkọ́. Ọjọ́ tó dúró níwájú àwọn ọmọ ní àkọ́kọ́ ni ara rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹja tó padà sínú odò. Ó mọ̀ pé òun ti débi tí Ọlọ́run rán òun.

Ní ọdún yẹn kan náà ó lọ sí Yverdon ní ilẹ̀ Switzerland, lọ́dọ̀ Pestalozzi, olùkọ́ àgbà tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, ó sì tún padà lọ gbé ibẹ̀ láti 1808 títí di 1810. Ohun tí Pestalozzi ń kọ́ni ni pé kí ọmọ rí nǹkan, kó fọwọ́ kàn án, kí a tó sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Froebel gba èyí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò tíì sinmi. Ó ń ronú nípa ọmọ kékeré tí kò tíì tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ, èyí tó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Ó lọ kọ́ ìmọ̀ nípa òkúta ní Berlin. Ó jagun ní 1813 nígbà tí wọ́n ń lé Napoleon, ojú ogun ló sì ti rí ọ̀rẹ́ méjì tó bá a ṣiṣẹ́ títí dọjọ́ alẹ́, Langethal àti Middendorff. Ọdún yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Christoph, tí òun náà jẹ́ àlùfáà, kó àrùn ibà lára àwọn ọmọ-ogun tó ń tọ́jú, ó sì kú. Ó fi opó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́ta. Froebel fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Berlin sílẹ̀ ní 1816, ó lọ kọ́ àwọn ọmọ náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ márùn-ún ló fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ní abúlé Griesheim. Ní ọdún kejì, ó kó ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ sí Keilhau. Nítorí náà, ìtọ́jú ọmọ aláìníbaba ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ńlá yìí. Ní 1818 ó gbé Henriette Wilhelmine Hoffmeister níyàwó. Olúwa kò fún wọn ní ọmọ tí wọ́n bí fúnra wọn, síbẹ̀ ta ni yóò ka iye ọmọ tó ti ọ̀dọ̀ wọn jáde?

BỌ́Ọ̀LÙ ÒWÚ ÀTI ÈGÉ IGI

Ọdún 1837, nígbà tó ti lé ní ẹni ọdún 50, ni ó ṣí ilé kan ní Blankenburg fún àwọn ọmọdé, níbi tí eré àti iṣẹ́ ọwọ́ ti jẹ́ ẹ̀kọ́ wọn. Kò tètè rí orúkọ fún un. Ní 1840, bó ti ń rìn lórí òkè pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń wo àfonífojì nísàlẹ̀ tó tẹ́ lọ bí ọgbà, orúkọ náà sọ sí i lọ́kàn: Kindergarten. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọgbà àwọn ọmọdé. Àwa Yorùbá ń pe irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Àwa ń ro ti ilé, pé kí ọmọ jáde kí ariwo dínkù, kí ìyá ráyè ṣiṣẹ́. Froebel ń ro ti ọmọ, pé ohun ọ̀gbìn ni, pé ó ń fẹ́ ilẹ̀ rere, oòrùn, omi àti olùtọ́jú tó ní sùúrù. Kò sí àgbẹ̀ tí ń fa ewé àgbàdo lókè kó lè tètè ga.

Kí ni ó kó fún àwọn ọmọ wọ̀nyí? Kì í ṣe ohun olówó ńlá. Àkọ́kọ́ ni bọ́ọ̀lù kéékèèké mẹ́fà tí a fi òwú hun: pupa, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró àti elésè-àlùkò. Ọmọ ọwọ́ pàápàá lè dì wọ́n mú. Ìyá á so okùn mọ́ ọn, á fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, á fi pamọ́, á tún mú un jáde, á máa kọrin sí i. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ òkè àti ilẹ̀, ó wà àti kò sí, ó lọ àti ó bọ̀.

Èkejì ni igi mẹ́ta: ọ̀kan rí róbótó bí ọsàn, ọ̀kan ní igun bí horo ṣúgà, ọ̀kan sì rí bí agolo mílíìkì. Ọmọ á rí i pé ti àkọ́kọ́ kì í dúró sójú kan, pé ti ìkejì kì í yí, pé ti ìkẹta lè dúró, ó sì lè yí. Kò sí olùkọ́ tó ní láti fi pàṣán kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta ni igi onígun kan tí a gé sí ègé mẹ́jọ tí gbogbo wọn dọ́gba. Ọmọ fẹ́ràn láti tú nǹkan palẹ̀, àwa ìyá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Froebel kò bá wọn jà sí èyí. Ó fún wọn ní ohun tó ṣeé tú tó sì ṣeé tò padà. Lónìí, ègé mẹ́jọ náà á di àga, á di àtẹ̀gùn, á di ilé ìjọsìn. Lọ́la, á di òdòdó lórí tábìlì. Lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ á pín in sí méjì, á tún pín in sí mẹ́rin, á rí i pé mẹ́rin lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́jọ. Ìṣírò ti wọlé, kò sì sí ẹkún. Bí eré bá parí, ọmọ náà ni yóò tò wọ́n padà sínú àpótí.

Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n ń mọ amọ̀, wọ́n ń ká pépà, wọ́n ń hun pépà bí ẹní hun ẹní, wọ́n ń fi ẹ̀wà tí a rẹ sómi so igi pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ mọ́ ara wọn láti fi kọ́ ilé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ebè kékeré tirẹ̀ nínú ọgbà, tó ń gbin nǹkan sí, tó sì ń bomi rin. Ní 1844 Froebel tẹ ìwé orin jáde fún àwọn ìyá àti ọmọ wọn, kí ìyá lè mọ̀ pé eré tí òun ń fi ìka ọwọ́ ọmọ ṣe, ẹ̀kọ́ ni.

Kò pé mọ́ tó fi rí i pé àwọn obìnrin ló yẹ kó gba iṣẹ́ náà. Nígbà náà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀pọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ fi iṣẹ́ olùkọ́ lé àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lọ́wọ́. Kò dá wọn lóhùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní iṣẹ́.

OHUN TÓ KÀN WÁ NÍNÚ ÌJỌ WA

A ní láti sọ òtítọ́ nínú ilé ara wa. Bàbá wa nínú ìgbàgbọ́, John Wesley, fẹ́ràn àwọn ọmọdé, ó sì ná owó àti agbára lé ẹ̀kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Kingswood sílẹ̀ ní 1748, òfin ibẹ̀ ni pé àwọn ọmọ yóò jí ní aago mẹ́rin ìdájí, kò sì sí àkókò kankan fún eré, ní ọjọ́ kankan. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ tó bá ń ṣeré yóò di àgbà tí ń ṣeré. Èrò ọ̀pọ̀ àwọn olùfọkànsìn ìgbà náà nìyẹn. Wesley ti kú ní 1791, nígbà tí Froebel wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, nítorí náà wọn kò pàdé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìwà méjèèjì wé ara wọn, a ó rí i pé èèyàn rere lè ṣe àṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Òòṣà kì í ṣe àwọn bàbá wa. A lè bọlá fún wọn, kí a sì tún kọ́ ohun tí wọn kò rí.

Froebel náà kì í ṣe aláìnígbàgbọ́. Ohun tó gbà ni pé Ọlọ́run dá gbogbo nǹkan sínú ìṣọ̀kan, pé Ẹlẹ́dàá ni Ọlọ́run, àti pé ọmọ tó ń fi amọ̀ mọ nǹkan ń jọ Bàbá rẹ̀ tó dá a.

ÌBÀNÚJẸ́ ỌJỌ́ ALẸ́

Henriette kú ní 1839. Ní 1849, Froebel wà ní Liebenstein, ìlú kan tí àwọn ọlọ́lá ń lọ wẹ̀ nínú omi ìwòsàn. Wọ́n máa ń rí arúgbó kan tí irun rẹ̀ gùn, tó ń kó àwọn ọmọ abúlé tí kò wọ bàtà sẹ́yìn, tó ń bá wọn fò, tó ń bá wọn kọrin. Wọ́n ń pè é ní arúgbó òmùgọ̀. Obìnrin ọlọ́lá kan, Bertha von Marenholtz-Bülow, gbọ́ èyí, ó sì lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó dúró, ó wo eré náà títí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti di alátìlẹ́yìn rẹ̀. Ní 1851 Froebel gbé Luise Levin níyàwó, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó náà tí àjálù dé. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1851, ìjọba Prussia fi òfin de gbogbo kindergarten. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí kò mọ Ọlọ́run ni, pé ó fẹ́ dojú ìlú dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, Karl Froebel, ló kọ ìwé kan tí ìjọba kò fẹ́, wọ́n sì ka ti Karl mọ́ Friedrich lọ́rùn. Ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀, ó kọ̀wé sí ọba pàápàá, wọn kò gbọ́. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́ka ọmọ sí Ẹlẹ́dàá, òun ni wọ́n pè ní aláìgbọlọ́rungbọ́.

Ní oṣù kẹrin 1852, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ àti àwọn ọmọdé fi òdòdó àti orin bá a ṣe àyẹyẹ ọdún 70. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ó sùn nínú Olúwa ní Marienthal. Schweina ni wọ́n sin ín sí. Igi róbótó, igi bí agolo àti igi onígun tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré ni wọ́n fi òkúta gbẹ́ sórí ibojì rẹ̀. Nígbà tó ń kú, òfin náà ṣì wà.

ÀWỌN OBÌNRIN GBÉ E DÌDE

Àwọn obìnrin kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Bertha von Marenholtz-Bülow ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi mú òfin náà kúrò ní Prussia ní 1860. Bertha Ronge ti ṣí kindergarten ní London ní 1851. Àbúrò rẹ̀, Margarethe Schurz, ṣí ọ̀kan nínú ilé ara rẹ̀ ní Watertown ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1856. Elizabeth Peabody ṣí tirẹ̀ ní Boston ní 1860. Luise opó rẹ̀ ń bá iṣẹ́ náà lọ títí ó fi kú ní 1900. Ní 1876, ìyá kan ní Amẹ́ríkà rí àwọn igi Froebel níbi ìpàtẹ ńlá kan ní Philadelphia, ó sì rà wọ́n fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ni Frank Lloyd Wright, tó di ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ilé tó lókìkí jù lọ láyé. Nígbà tó darúgbó, ó ṣì ń jẹ́rìí pé àwọn igi náà ló kọ́ òun níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbí. Lẹ́yìn ikú Froebel, àwọn olùkọ́ kan sọ eré náà di òfin: kí gbogbo ọmọ gbé ègé igi kan náà sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má tò ó yàtọ̀. Eré tí a ń pàṣẹ fún kì í ṣe eré mọ́.

KÍ LÓ KÀN WÁ?

Àwa fúnra wa, kí ni a fi kọ́ ọgbọ́n kí a tó mọ ìwé? Iyanrìn la fi se ọbẹ̀, ewé la fi ṣe ẹran, agolo la fi ṣe ìkòkò, ṣùkù àgbàdo la pọ̀n bí ọmọ. A pín oúnjẹ, a jà, a parí ìjà, a ta ọjà, a fi òkúta san owó. Ìṣírò, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìwà ọmọlúàbí wà nínú rẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní 1977 pàápàá sọ ọ́ pé eré ni kí a fi kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ní èdè abínibí wọn. Nítorí náà, olùkọ́ tó jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́ta ṣeré kò jẹ wá lówó. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

A rọ ẹgbẹ́ wa ní àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí a kó páálí, agolo tí etí rẹ̀ kò mú, ègé igi tí káfíńtà ti fá, àjákù aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ àti ìdérí ìgò jọ, kí a fọ̀ wọ́n mọ́, kí a kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan nílé àti ní kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí a má fi nǹkan wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kó má bàa gbé e mì.

2. Bí ọmọ bá ń ṣeré, kí a jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Kí a bi í léèrè ohun tó ń kọ́, kí a má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti tún un ṣe.

3. Kí a má fi ọmọ wé ọmọ aládùúgbò tó ti ń kọ A, B, D. Ọwọ́ tó bá ti mọ amọ̀ dáadáa yóò di pẹ́ńsù mú nígbà tí àkókò bá tó.

4. Kí a jẹ́ kí ọmọ kó ohun eré rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn.

Jésù Olúwa wa gba àwọn ọmọdé mọ́ra nígbà tí àwọn àgbà ń lé wọn. Kí Ó fún wa ní sùúrù láti gba tiwa mọ́ra, pẹ̀lú iyanrìn ọwọ́ wọn. Kí Ó má jẹ́ kí a sọ ọmọ tí Ó fi ọgbọ́n sínú rẹ̀ di olódo. Àmín.